Ẹ̀kọ, ẹ̀kọ́, àti Èkó

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Thread yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó kan ẹ̀kọ tí ẹ ń jẹ, ó kan náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé e, ó sì kan ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ipò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

2/ Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò mi fẹ́ ka Computer Science. Máàkì JAMB ẹ̀ ò gbé e débẹ̀. Ohun tí ilé ìwé gíga kan fún un ni ẹ̀kọ́ nípa polymer. Bàámi ní, "Pólí kí ni? Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?" Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kó pa á tì, kó wá kọ́ kódù ní Yaba, pé kó tó pé ọdún méjì á ti máa gba dọ́là. Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi, torí èmi ni mo ka Chemistry nílé wa. Èmi tí mo ka Chemistry, tí mo wá ń bá àwọn èèyàn ya ojú áàpù ní Yaba báyìí.

3/ Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó wò. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ ro nǹkan kan, mo kàn fẹ́ sá kúrò ní pálọ̀ ni.

4/ Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ Màmá kan ní Ojúwọyè, níbí ní Mushin. Àtìgbà tí mo wà ní pámárì la ti ń rà lọ́wọ́ wọn. Bí mo ṣe ń wá owó nínú àpò, wọ́n gbé ẹ̀kọ àná kan sókè. Omi ti sun sínú náílọ́ọ̀nù ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o kàwé, kí ló máa ń ṣe ẹ̀kọ tó fi ń sunkún tó bá dọjọ́ kejì? Àwọn oníbàárà ń pariwo pé mo bomi là á."

5/ Ẹ gbọ́, mo mọ ìdáhùn. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè yẹn gan-an nínú ìdánwò 300 level. Retrogradation lorúkọ ẹ̀. Mo tiẹ̀ gba máàkì tó dáa. Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú ìyá yẹn, ẹnu mi wúwo. Mi ò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní, "Màmá, ooru ni." Wọ́n wò mí. Wọ́n mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

6/ Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín báyìí, ohun tó yẹ kí n sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn.

Sítáàṣì inú ògì, ṣúgà kéékèèké ni. Glucose. Àwọn ṣúgà yìí ni a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Okùn kan lè ní ọgọ́rùn-ún, ó lè ní ẹgbẹ̀rún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Irú kan gùn gbọọrọ, amylose nìyẹn. Irú kejì yọ ẹ̀ka bí igi, amylopectin nìyẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá sín báyìí láti ara nǹkan kékeré tó ń tún ara ẹ̀ ṣe títí tó fi di okùn gígùn, òun là ń pè ní pólímà.

7/ Tó o bá ro ògì lórí iná, omi gbígbóná á ráyè wọlé, àwọn okùn yẹn á tú, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀, omi á sì wà láàárín wọn. Ẹ̀kọ gbígbóná nìyẹn. Tó bá ti ń tutù, àwọn okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn kiri, wọ́n á tún so mọ́ra. Ẹ̀kọ á dì. Ṣùgbọ́n wọn ò ní dúró síbẹ̀. Tó bá dọjọ́ kejì, wọ́n á ti fún mọ́ra débi pé omi ò ríbi jókòó mọ́. Ẹkún tí Màmá rí nìyẹn. Wọn ò bomi là á. Omi tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ ló ń jáde. Ohun kan náà ló ń mú kí ẹ̀bà àná le, tó sì ń mú kí búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta gan.

8/ Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ okùn yìí rọrùn fún àwọn ọ̀mọ̀wé láti gbà. Ní 1920, Hermann Staudinger, ọmọ Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé okùn gígùn tó so pọ̀ dáadáa ni irú nǹkan bíi rọ́bà, pé kì í ṣe nǹkan kéékèèké tó kàn rọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ àgbà nínú iṣẹ́ náà ta kò ó. 1953 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọdún 33. Iṣẹ́ yìí ò sí fún ẹni tó ń kánjú.

9/ Ó dáa, ẹ bá mi kálọ sí Ìbàdàn.

Ẹnì kan wà ní UI tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí irú ẹkún ẹ̀kọ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Adébọ̀wálé. Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ wọn torí pé ní oṣù Kẹwàá 2021, wọ́n yàn wọ́n ní gíwá UI, ìkẹtàlá nínú àwọn gíwá ibẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n Industrial Chemistry ni iṣẹ́ wọn, sítáàṣì àti amọ̀ ni wọ́n sì ti bá yí pẹ́ kí gbogbo ayé tó máa pè wọ́n ní gíwá.

10/ Ohun tó wù mí jù ni nǹkan tí wọ́n yàn láti wádìí.

Ní 2002, àwọn àti Ọláyídé Lawal tẹ ìwádìí jáde lórí sítáàṣì inú ẹ̀wà tí wọ́n fi ń ṣe okpa. Okpa tí wọ́n ń kiri fún yín nínú gó-síló yẹn. Ní 2003, wọ́n mú Mucuna pruriens. Ẹ mọ̀ ọ́n: ìdílé wèrèpè ni. Bẹ́ẹ̀ ni, wèrèpè tó ń yún èèyàn. Ní 2005, ó kan bèrèfúùtù, èso tí àwọn ará Ifẹ̀ ń sè tí wọ́n sì ń gún bí iyán.

11/ Kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe? Wọ́n á yọ sítáàṣì inú ẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwà ẹ̀ ṣe. Nígbà míì, ooru pẹ̀lú omi díẹ̀ báyìí ni wọ́n á fi ṣe é, láìjẹ́ kó jiná. Ìyẹn á jẹ́ kó túbọ̀ lè fara da iná. Nígbà míì, wọ́n á so nǹkan kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ okùn yẹn káàkiri. Ẹ rántí ìlẹ̀kẹ̀. Tó o bá so ìdì òwú mọ́ ara ìlẹ̀kẹ̀ méjì, wọn ò ní lè fún mọ́ra dáadáa mọ́, àbí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn okùn ò ní lè há mọ́ra, omi á dúró sí ààyè ẹ̀, ẹkún á dínkù.

12/ Àwọn kan á ní, kí ló dé tí wọn ò mú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀? Èrò tèmi nìyí: ẹ̀gẹ́ tí ilé iṣẹ́ bá rà tán lọ́jà, gàrí ẹnì kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń du wèrèpè mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Tí ilé iṣẹ́ bá lè rí sítáàṣì nínú ohun tí ẹnì kankan ò sè, owó gàrí ò ní í fò sókè ní tìtorí ẹ̀. Ẹni tó bá ro irú ìrò yẹn, ará ilé wa ni. Ó mọ iye tí kọ́ńgò gàrí jẹ́.

13/ Wọn ò dúró lórí oúnjẹ. Ní 2006 àti 2007, àwọn pẹ̀lú Emmanuel Unuabonah àti Bámidélé Olú-Owólabí tẹ ìwádìí jáde lórí kaolinite, amọ̀ funfun tó ń bẹ nínú ẹfun, bó ṣe ń fa òjé jáde nínú omi.

Òjé kì í ṣe eré o. Ní 2010, ní Zamfara, òjé tó wà nínú erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, àwọn èèyàn kan ti wà nínú yàrá ìwádìí ní Ìbàdàn tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí la lè fi mú un jáde lára omi, tó pọ̀ nílẹ̀ wa, tí kò wọ́n.

14/ Ẹ wá wo ibi tí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé iṣẹ́ dé.

Ní 2004, Lawal dá tẹ ìwádìí tiẹ̀ jáde láti Ago-Ìwòyè, lórí sítáàṣì inú kókò. Títí dòní ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sítáàṣì ṣì ń tọ́ka sí i. Unuabonah lọ sí Redeemer's University ní Ẹdẹ. Ní 2013, òun pẹ̀lú àwọn ará Fásitì Potsdam ní Jámánì po amọ̀ pọ̀ mọ́ kóró ìbẹ́pẹ, wọ́n sì fi ṣe nǹkan tó ń fa ìdọ̀tí irin jáde lára omi. Kóró ìbẹ́pẹ! Èyí tí ẹ ń fi ṣíbí họ dànù lójoojúmọ́.

15/ Ọ̀rọ̀ mi gan-an rèé. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀mọ̀wé kan ní ipa, citation ni wọ́n máa ń kà: ìgbà mélòó ni ọ̀mọ̀wé mìíràn dárúkọ iṣẹ́ ẹ̀ nínú tiẹ̀. Ó dà bíi retweet. Mi ò ní kí wọ́n má kà á o. Ó dáa kí ẹnì kan ní Brazil tàbí ní China mú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí okpa, kó sì ti ibẹ̀ tẹ̀ síwájú.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n mìíràn wà tí a kì í kà. Èèyàn. Ẹni tí ẹ bá jọ ṣiṣẹ́ lónìí tó wá dá dúró lọ́la, tó sì ní àwọn tiẹ̀ tó ń kọ́. Láti Ìbàdàn dé Ago-Ìwòyè, dé Ẹdẹ. Ìyẹn náà jẹ́ okùn tí wọ́n sín.

16/ Ìwọ̀n kẹta tún wà, ibẹ̀ sì ni inú ti ń bí mi. Ṣé ìmọ̀ yẹn dé Ojúwọyè?

Kò dé. Ìwé tí wọ́n kọ lórí okpa, lórí wèrèpè, lórí kókò, inú àwọn jọ́nà òkè òkun ló wà. Tí fásitì ẹ ò bá sanwó fún un, ó lè ná ẹ tó 30 dọ́là láti ka ẹyọ kan péré. Ẹ fi owó yẹn wé ọjà inú agbọ̀n Màmá ẹlẹ́kọ. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ wọn kúrò ní Ìbàdàn, ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó dé Yúróòpù, kò rí mọ́tò wọ̀ padà sí Mushin.

17/ Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o. Oshodi kò jìnnà síbí, mọ́tò kan ni. FIIRO wà níbẹ̀ láti 1956, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ilé iṣẹ́. Àwọn ló mú ẹ̀wà sóyà wọnú ògì kí ọmọ kékeré lè rí purotéènì jẹ: soy-ogi. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń po sóyà mọ́ ògì ọmọ wọn lónìí, tí wọn ò sì mọ̀ pé ìwádìí kan wà nídìí ẹ̀. Ipa tí mò ń sọ nìyẹn. Tó bá ti di tiwa tán, a ò ní í rántí ẹni tó mú un wá mọ́.

18/ Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti náílọ́ọ̀nù, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa ní Èkó.

Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba Èkó fòfin de styrofoam, ike funfun tí wọ́n fi ń di ráìsì fún wa. Ní oṣù Keje 2025, òfin tún kan àwọn ike àlòdànù mìíràn: náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ife ike, sítíróò. Mo fara mọ́ òfin yẹn. Ẹni tó bá ti rí gọ́tà Mushin lẹ́yìn òjò ò ní bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin sọ ohun tí a ò gbọdọ̀ lò, ó kù kí ẹnì kan fún ẹlẹ́kọ ní ohun tí yóò lò.

19/ Ẹ sì wò ó. Èyí tí à ń pè ní náílọ́ọ̀nù yẹn, kì í tiẹ̀ ṣe nylon. Polythene ni. Pólímà lòun náà, okùn gígùn, àmọ́ ṣúgà kọ́ ni wọ́n fi sín in, láti ara epo rọ̀bì àti gáàsì ló ti wá. Kòkòrò inú ilẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dí gọ́tà. Ewé eéran tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ ńkọ́? Pólímà náà ló wà nínú ẹ̀: cellulose, ṣúgà kan náà pẹ̀lú ti ògì, bí wọ́n ṣe sín in ló yàtọ̀. Pólímà nínú pólímà làwọn ìyá wa ń tà kí a tó mọ orúkọ ẹ̀.

20/ Wọ́n ti ń ṣe àpò láti ara sítáàṣì láwọn ibì kan láyé. Ìṣòro ẹ̀ ni pé sítáàṣì fẹ́ràn omi jù. Tó bá rí omi, á rọ̀; tó bá gbẹ, á sán. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí èèyàn mọ bí a ṣe ń tún ìwà okùn yẹn ṣe. Ṣé ẹ rántí 11/? Iṣẹ́ yẹn gan-an ni. Orílẹ̀-èdè wa ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, a ní àwọn tó mọ sítáàṣì dénú egungun, ìlú wa sì ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò náílọ́ọ̀nù. Nǹkan mẹ́ta yìí wà nínú ilé kan náà, wọn ò tíì kí ara wọn.

21/ Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. "Iná ò sí ní láàbù." Òótọ́ ni. "Dọ́là ni wọ́n fi ń ra kẹ́míkà." Òótọ́ ni. "Ìyanṣẹ́lódì 2022 jẹ oṣù mẹ́jọ lára wa." Mo wà níbẹ̀, ó jẹ lára tèmi náà. Ìdí tí mo fi ń ya ojú áàpù lónìí nìyẹn, mi ò sì ní tijú ẹ̀. Owó ilé ò gbọ́ Chemistry.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ yẹn ò wúlò. Ohun tí kò sanwó dáadáa àti ohun tí kò wúlò, ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni wọ́n.

22/ Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe ò le rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ wa, omi wa, ilẹ̀ wa, kó kọ ojú ewé kan ní èdè tí ẹni tó ń ta nǹkan yẹn ń sọ. Ojú ewé kan péré. Kí àwọn fásitì sì kà á mọ́ ohun tí wọ́n fi ń gbéni ga lẹ́nu iṣẹ́, torí ohun tí wọ́n bá ń kà lèèyàn ń ṣe. Tó bá jẹ́ jọ́nà òkè òkun nìkan ni wọ́n ń kà, òkè òkun ni ìmọ̀ á máa lọ. Mi ò bá ọ̀jọ̀gbọ́n kankan wí. Bí wọ́n ṣe gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

23/ Ẹ̀bi wà lọ́rùn tiwa náà, àwa tá a jáde. Mo lo ọdún márùn-ún lórí ìmọ̀ yìí, mi ò sì lè fi Yorùbá dá ìyá kan lóhùn nípa ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ tí mo jẹ dàgbà. Kò sí gíwá tó dí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

24/ Mo padà sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí àbúrò mi lọ. Mo ní kó kọ́ kódù náà lọ́jọ́ Sátidé, torí wọn ò bá ara wọn jà. Láàbù òde òní ń wá ẹni tó lè lo kọ̀ǹpútà dáadáa. Bàámi ní, "Iṣẹ́ wo ni yóò wá ṣe?" Mo ní mi ò lè ṣèlérí iṣẹ́ fún wọn. Mo wá ṣàlàyé ìlẹ̀kẹ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀bà àná. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ nìyẹn? Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látìgbà yìí?"

Mi ò tún rí nǹkan sọ.

25/ Lánàá, mo padà sí Ojúwọyè. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá, mo ní mo wá san gbèsè ìdáhùn. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀: okùn, omi, bí wọ́n ṣe ń fún mọ́ra. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa ju àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ. Wọ́n ní, "Ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀ padà tí mo bá tún gbé e kaná." Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Iná ń tú okùn yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

26/ Wọ́n wá ní, "Kí ni èèyàn lè ṣe sí ògì kó má sunkún mọ́?"

Ẹ rí i, ìbéèrè tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń bi sítáàṣì nìyẹn. Ìyá tí kò wọ ẹnu ọ̀nà fásitì rí ló bi í, láàárín àwọn oníràwọ́, pẹ̀lú ọmọlangidi ìkòkò níwájú ẹ̀. Mo ní, "Màmá, wọ́n ti ń wádìí ẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún."

Wọ́n wé ẹ̀kọ mẹ́rin fún mi. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá sọ fún wa?"

27/ Ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù, tí ẹ ń ka thread yìí lórí fóònù: ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Màmá ń pàtẹ lójoojúmọ́ àyàfi Sunday.